Máíkírowéèfù tó ń ṣáná: ká jù ú nù ni àbí ká tún un ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàsán o ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ máíkírowéèfù mi yìí. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí n bá ti gbé oúnjẹ sínú ẹ̀, ó máa ń ṣáná nínú lọ́hùn-ún, lápá ọ̀tún, pà pà pà, á sì máa rùn bíi pé nǹkan ń jóná. Ìyá ọkọ mi wá kí wa, wọ́n rí i, wọ́n ní kí n gbé e lọ sórí ààtàn kíákíá, pé nǹkan tó ń fa jẹjẹrẹ ni láti ilẹ̀, pé ibi tó ti ń ṣáná yẹn gan-an ni ìtànṣán ẹ̀ ń gbà jáde. Ọkọ mi pe ọ̀gá kan tó ń tún un ṣe, ọ̀gá yẹn kàn gbọ́ àlàyé lórí fóònù ni, ó ní magnetron ẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà inú ẹ̀ tó ń mú oúnjẹ gbóná, ti lọ, owó tó pè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tòkunbọ̀ míì. Àwọn ọmọ mi ń lọ sílé ìwé, àárọ̀ kì í rọrùn láìsí i. Ṣé kí n jù ú nù ni, àbí kí n san owó yẹn, àbí kí n kàn máa lò ó bẹ́ẹ̀? Ẹ má bú mi o.

* * *

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má jù ú nù, ẹ má sì tíì fún ọ̀gá yẹn ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má lò ó báyìí náà o, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ná.

Ẹni tó jókòó sílé ẹ̀ tó ti mọ̀ lórí fóònù pé magnetron ló lọ, ojú ẹ̀ ríran jìnnà. Tí magnetron bá kú, ohun tí ẹ máa rí ni pé gílóòbù inú ẹ̀ á tàn, àwo á máa yí, á máa dún wùùù bó ṣe máa ń dún, ṣùgbọ́n tí ìṣẹ́jú méjì bá pé, omi inú ife á ṣì tutù bí ẹ ṣe gbé e síbẹ̀. Ẹ̀yin ò sọ pé kì í mú oúnjẹ gbóná. Ó ń ṣáná ni ẹ sọ. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sí ògiri ọwọ́ ọ̀tún nínú ẹ̀. Ẹ máa rí páálí pẹlẹbẹ kan níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwọ̀ ẹ̀ bíi ti eérú. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ara ògiri ni. Máíkà ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni ihò tí agbára magnetron ń gbà bọ́ sínú àpótí oúnjẹ wà, òun ni wọ́n fi bo ihò yẹn kí ọbẹ̀ má bàa ta wọ ibẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá gbé ọbẹ̀ sí i láìdé e, òróró á ta sára páálí yìí, á gbẹ mọ́ ọn, ọjọ́ kejì òmíràn á tún ta lé e, nígbà tó bá yá á jó di èédú, èédú sì máa ń gbé iná. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe pà pà pà, ibẹ̀ náà ni òórùn yẹn ti ń wá.

Tó bá jẹ́ ọ̀rá lásán ló wà lára ẹ̀, ẹ fi aṣọ tó ní omi ọṣẹ díẹ̀ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Tó bá ti dúdú wọnú tàbí tó ti lu, ẹ yọ ọ́. Àwọn kan ní ìdè kékeré kan, àwọn kan kàn há a sínú ihò ni, ọwọ́ lásán ló ń yọ ọ́. Ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ilé, wọ́n ní tuntun ẹ̀ ní abala ńlá, ẹ fi ti àtijọ́ lé e, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e bó ṣe rí. Owó ẹ̀ kò sún mọ́ owó magnetron rárá. Kí ẹ sì wo ara ògiri náà dáadáa, tí ọ̀dà bá ti bó níbì kan tó sì ti dípẹtà, ibẹ̀ náà lè máa ṣáná.

Ẹ wá jábọ̀ fún wa tí ẹ bá ti wò ó.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ látàárọ̀. Àwọn kan ní màmá gba ẹ̀mí ìyàwó ọmọ wọn là. Àwọn kan ní kò sí nǹkankan níbẹ̀, pé ìgbà wo ni àwọn òyìnbó ti ń lò ó, ṣé wọ́n ti kú tán ni. Ẹnì kan wá ní kì í ṣe ara ẹ̀rọ ni wàhálà wà, inú oúnjẹ ni ìtànṣán yẹn ń sá sí, pé kí a gbé oúnjẹ sílẹ̀ kó jáde tán ká tó jẹ ẹ́. Haba.

Ẹ gbọ́. Ẹnu iṣẹ́ rédà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rí ọkọ̀ òfuurufú láti ọ̀nà jíjìn, ni nǹkan yìí ti wá. Lọ́dún 1945, ọ̀gbẹ́ni Percy Spencer tó ń bá iléeṣẹ́ Raytheon ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà dúró sí tòsí magnetron rédà, ló bá rí i pé ìpanu tó wà lápò òun ti yọ́. Nígbà tó máa fi di 1947 wọ́n ti ṣe èyí tí wọ́n lè tà, àmọ́ ó ga tó géńdé ọkùnrin, ó wúwo ju 300 kílò lọ, ta ló fẹ́ gbé ìyẹn sí kíṣìnnì. Ọdún 1967 ni èyí tó ṣe é gbé sórí tábìlì ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórúkọ Amana. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò tíì yí padà látìgbà yẹn: ìgbì ni, irú ti rédíò, 2,450 megahertz, á máa ti omi inú oúnjẹ síwá sẹ́yìn, ibẹ̀ ni ooru ti ń wá. Kò lágbára bíi ti X-ray tó lè ba ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́. Tí ẹ bá sì ti pa á, ó tán nìyẹn, bí ìgbà tí ẹ pa gílóòbù yàrá ni, ìmọ́lẹ̀ kankan ò ní kù sára ògiri. Oúnjẹ ò lè fi í pamọ́.

Ilẹ̀kùn ńkọ́? Ẹ wo gíláàsì ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí àwọ̀n irin oníhò wínníwínní níbẹ̀. Ìgbì yìí gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12, kò lè gba ihò bíńtín yẹn kọjá, ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá ló fi jẹ́ pé a ń rí oúnjẹ. Ṣé ó máa ń jò rárá? Ó máa ń jò díẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní kò gbọdọ̀ ju milíwọ́ọ̀tì 5 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí ara ẹ̀, títí tí ẹ̀rọ náà fi máa gbó. Ẹ̀yin tí Wi-Fi yín máa ń falẹ̀ tí ẹnìkan bá ti ń gbóúnjẹ kaná, ohun tó fà á nìyẹn, 2.4 gigahertz kan náà ni Wi-Fi ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Èyí tó jò yẹn tó láti da Wi-Fi láàmú, kò tó láti se ènìyàn.

Ohun tí mo máa sá fún ni ilẹ̀kùn tó ti wọ́, tó ti là, tí ọmọdé ti fi ṣe jangirọ́fà, tí kò wọlé dáadáa mọ́. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi rọ́bà so ilẹ̀kùn ẹ̀ mọ́ra ní búkà kan, tí wọ́n ṣì ń fi gbé oúnjẹ fún oníbàárà! Àwọn súwíìṣì wà lára ilẹ̀kùn yẹn tó máa ń pa iná tí ẹ bá ti ṣí i, àwọn kan tó ń tún nǹkan ṣe sì máa ń so wáyà wọn pọ̀ kó ṣáà lè ṣiṣẹ́. Irú ìyẹn, ẹ gbé e jù nù lóòótọ́, níbẹ̀ èmi àti màmá fẹnu kò.

* * *

Fún bùrọ̀dá tó ní kí a fi fóònù dán an wò: mo mọ ìdánwò yẹn, pé kí a gbé fóònù sínú ẹ̀ kí a tilẹ̀kùn kí a wá pè é, tó bá dún, ẹ̀rọ ń jò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù lè gbọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kéré ju kéré lọ, ó lè dún nínú máíkírowéèfù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já nínú páálí. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ni kí ẹnìkan gbàgbé fóònù síbẹ̀ kó sì tẹ sítáàtì. Ẹ fi í sílẹ̀ jọ̀ọ́.

* * *

Ẹni tó ni ìbéèrè, kí n tó gbàgbé, irú àwo wo lẹ ń lò? Mo béèrè torí pé àwo àríyá pọ̀ nílé wa. Èyí tí wọ́n pín níbi òkú bàbá lágbájá, tó ní ìlà góòlù létí, tí wọ́n tẹ orúkọ sí láàárín. Ìlà góòlù yẹn, irin tín-ínrín ni. Tí ẹ bá gbé e sínú ẹ̀, kí ẹ tó ka mẹ́wàá ẹ máa rí i tí iná á máa sáré yí etí àwo náà ká, tatata, tí ẹ bá wá gbé e jáde ẹ máa rí i pé ìlà yẹn ti já wẹ́wẹ́, ibi tó ti já sì ti dúdú. Tó bá jẹ́ àwo yẹn nìkan ló ń ṣáná fún yín, ẹ̀rọ yín ò ṣàìsàn. Àmọ́ ẹ sọ pé ògiri ni, ọ̀rọ̀ páálí ni mo ṣì dúró lé.

Fọ́ìlì náà rèé, ẹ tú u kúrò lára ẹran kí ẹ tó gbé e kaná. Mọ́ínmọ́ín inú agolo, ẹ yọ ọ́ sínú àwo. Mọ́ínmọ́ín ewé kò ní wàhálà, ẹ gbé e sí i tòun ti ewé eéran ẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i lára, á jáde bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná.

Abọ́ ike ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Àwọn kan ní gbogbo ike ni májèlé. Àwọn kan ń lo abọ́ áísìkiriìmù àná. Ohun tí mo mọ̀ rèé: omi tó ń hó kì í gbóná ju 100 lọ, òróró ọbẹ̀ lè kọjá ibẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí òrùka pupa nínú abọ́ ike, ní gbèdéke ibi tí òróró ọbẹ̀ dé, tí kànhìnkànhìn ò lè yọ mọ́. Òróró ti yọ́ ike níbẹ̀, ata sì ti bá a wọlé. Tí ike bá ní àmì máíkírowéèfù nídìí, ẹ lò ó fún ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ọbẹ̀, ẹ fi àwo tánńganran tàbí gíláàsì tó nípọn gbé e. Abọ́ funfun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ní búkà, ẹ má dán an wò, á kọ́kọ́ sunkì, á wá yọ́ mọ́ ìrẹsì. Lailọ́ọ̀nù tí wọ́n fi di ẹ̀bà náà, ẹ tú u. Èyí ni àwọn àgbà máa ń bá mi jà lé lórí, wọ́n ní ooru lailọ́ọ̀nù ló ń jẹ́ kó rọ̀. Ọ̀rinrin ló ń jẹ́ kó rọ̀, àwo tí ẹ fi dé e náà á ṣe é.

* * *

"Ẹ̀bà inú máíkírowéèfù kì í dáa, etí á gbóná àárín á tutù, ó sàn kí n tẹ tuntun."

Ọ̀gá, ẹ tọ̀nà díẹ̀. Ìgbì inú ẹ̀ kì í kárí déédéé, ibì kan á gbóná, ibì kan tí kò jìn sí i á tutù, ìdí tí àwo fi ń yí nìyẹn, àmọ́ àárín àwo gan-an kì í rìn lọ ibì kankan, ojú kan náà ló wà. Ẹ má gbé òkèlè ẹ̀bà ńlá sí àárín. Ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ẹ fi ọwọ́ tútù tò ó yí etí àwo ká, ẹ fi àárín sílẹ̀ lófo, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ dé e. Ìṣẹ́jú kan, ẹ yí i padà, ìṣẹ́jú kan sí i. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọmọorógùn pò ó pọ̀. Iyán náà bẹ́ẹ̀. Àmàlà, kí n má parọ́ fún yín, mi ò tíì rí èyí tó dáa débi pé kí n gbé e fún àlejò.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ dá ihò sí àárín, ẹ wọ́n omi sí i. Pọ̀nmọ́ máa ń bú, ẹja pẹ̀lú awọ ẹ̀ máa ń bú, ẹ dé wọn. Ẹyin odindi, bí ẹ tilẹ̀ ti sè é tẹ́lẹ̀, ẹ má gbé e sí i, ó lè dúró jẹ́ẹ́ nínú ibẹ̀ kó wá bú lójú yín nígbà tí ẹ bá bù ú jẹ. Omi lásán náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì, ife tó dán dáadáa, omi á ti gbóná kọjá híhó láìhó, ẹ ṣáà ju tíì sí i, á ru sókè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ṣíbí onígi sínú ife kí ẹ tó tan án.

Ẹran fírísà: ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ agbára kíkún, tí etí ẹran á jinná tí àárín á ṣì jẹ́ òkúta, yìnyín kì í gba agbára yìí bí omi ṣe ń gbà á. Ibi tó bá kọ́kọ́ yọ́ ni á máa gba gbogbo ẹ̀, á sì jinná kí èkejì tó mọ̀ pé iná wà. Ẹ lo bọ́tìnnì defrost tó wà fún yíyọ́ yìnyín, á máa tan á máa kú, àsìkò tó bá kú yẹn ni ooru ń fi wọlé lọ bá àárín.

Àwọn ìyá ọmọ tuntun, ẹ má gbé fídà kaná nínú ẹ̀. Ara ìgò lè tutù kí mílíìkì àárín ẹ̀ ti gbóná débi tó máa bó ọmọ lẹ́nu.

Ẹnì kan bi mí pé ìrẹsì tó sùn sórí tábìlì mọ́jú ńkọ́, ṣé tó bá gbóná dáadáa kòkòrò inú ẹ̀ ò ní kú. Kòkòrò lè kú, májèlé tó ti tọ̀ sílẹ̀ kì í bá a kú. Ẹ dà á nù.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá ó dáa ká gbé ẹ̀rọ yìí sórí fíríìjì: gbogbo wa la ń gbé e síbẹ̀, kíṣìnnì ò láàyè. Fíríìjì tó lágbára lè gbé e. Ẹ ṣáà fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn àti lókè ẹ̀, ẹ má kó ìwé ìròyìn àti páálí ìndómì lé ihò tó fi ń mí. Tó bá ga ju èjìká yín lọ, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọbẹ̀ gbígbóná tí ènìyàn ń gbé sọ̀kalẹ̀ láti òkè orí, ojú àti àyà ló máa dà sí. Àwọn ọmọ tó ń gun àga lọ gbé e ń kọ́?

* * *

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná wàyí, torí mo rí i pé ìdajì yín ló ń sọ pé "máíkírowéèfù mi ò gbóná mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá", ẹ sì ti ń bú ẹ̀rọ.

Ẹ wo iná tó wà nílé yín ná. Máíkírowéèfù tí wọ́n kọ 700 wọ́ọ̀tì sí lára, agbára tó ń rọ̀ jọ sínú oúnjẹ ni 700 yẹn, ohun tó ń fà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì lè tó 1,100 tàbí 1,200. Tí NEPA bá mú iná rírẹlẹ̀ wá, èyí tí gílóòbù á pọ́n bíi ti àtùpà, ooru ẹ̀ á ja wálẹ̀ gan-an. Ẹ dán an wò báyìí: ife omi kan, ní bí ó ṣe jáde láti inú dúrọ́ọ̀mù, ẹ gbé e sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì nígbà tí iná dáa. Ẹ̀rọ tó jẹ́ 700, omi yẹn yẹ kó máa hó tàbí kó kù díẹ̀. Tó bá ń hó nígbà tí iná dáa, tó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní alẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan ẹ̀rọ amúlétutù wọn, iná lẹ máa bá wí.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour kò lè gbé e. 650 wọ́ọ̀tì, bóyá díẹ̀ sí i, ni agbára ẹ̀. Á ké, á rẹlẹ̀, á kú, tàbí kó fi iná ràdàràdà ba pátákó inú máíkírowéèfù jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní inverter, ẹ béèrè bóyá pure sine wave ni, ìyẹn èyí tí iná ẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, máíkírowéèfù á máa kùn lórí ẹ̀ bíi agbọ́n, kò sì ní gbóná dáadáa.

Ti tòkunbọ̀ wá. Èyí tó bá ti London wá, iná wọn àti tiwa dọ́gba, 230 fólítì, 50 hertz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), púlọ́ọ̀gì kan náà. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 120 fólítì àti 60 hertz ni. Ẹ kà á lẹ́yìn ẹ̀ kí ẹ tó san owó, ní ọjà Alábà l'Ékòó tàbí níbikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ rà á, ẹ má gba "kò sí wàhálà, ó máa ṣiṣẹ́". Ẹ kì í sunkún lẹ́yìn tó bá ti dún gbòà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní kí ẹ ra step-down. Step-down á mú fólítì wálẹ̀, kò ní fọwọ́ kan hertz, transformer inú máíkírowéèfù á máa gbóná jù bó ṣe yẹ lọ, àwọn míì tiẹ̀ wà tí aago wọn á máa falẹ̀, tí ẹ bá tẹ ìṣẹ́jú márùn-ún sí i á lo mẹ́fà, torí pé hertz ló fi ń ka aago. Ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti Houston tó ní òun fẹ́ bá yín gbé máíkírowéèfù bọ̀, ẹ sọ fún un pé kó gbé owó bọ̀.

Owó iná ńkọ́? NERC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, gbé ti Band A, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, lọ sí N225 fún yúnìtì kan ní oṣù kẹrin 2024, látìgbà náà ó ti ń sọ̀ ó ń gùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi N225 ṣírò ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa 1,200 wọ́ọ̀tì, ìṣẹ́jú márùn-ún, ìdá mẹ́wàá yúnìtì kan ni, kò pé N25. Ìyàwó tó ní ọkọ òun fòfin de máíkírowéèfù nítorí yúnìtì, ṣùgbọ́n tí ọkọ náà ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ fún odindi wákàtí kan, ẹ fi ìṣirò yìí hàn án kẹ́ ẹ rọra.

Kí ẹ sì yọ ọ́ lára iná tí NEPA bá ti mú un lọ. Ìgbà tó bá ń padà wá ló máa ń ba nǹkan jẹ́.

* * *

Ìjà ìmọ́tótó: ta ló yẹ kó nù ún, mi ò dá sí i. Ní ibi iṣẹ́ tí mo ti ṣe rí, ẹnìkan gbé ẹja gbígbẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ irú kaná lọ́jọ́ Mọ́ńdè, títí di ọjọ́rú ni tíì gbogbo wa ń rùn irú. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́: ẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú abọ́ omi, ẹ tan án títí tí gíláàsì ilẹ̀kùn á fi kún fún ooru omi, ẹ pa á, ẹ má tíì ṣí i, ẹ fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbogbo ọbẹ̀ gbígbẹ á ti rọ̀, aṣọ rírọ̀ lẹ máa fi nù ún. Ẹni tó ní ọsàn ló ń pa òórùn tọ̀nà, ẹni tó ní ooru omi ló ń ṣiṣẹ́ náà tọ̀nà, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Kànhìnkànhìn onírin ni kí ẹ má lò, á ha ọ̀dà inú ẹ̀, ibi tó bá ha á dípẹtà, ìpẹtà á ṣáná, a tún padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́.

Àwo tó ń yí, ẹ yọ ọ́ fọ̀, ẹ nu òrùka oníkẹ̀kẹ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Etí ilẹ̀kùn náà, ibi tó ti ń kan ara ẹ̀rọ, kó má ní òkèlè gbígbẹ níbẹ̀. Ẹ má tan án lófo, tí kò bá sí nǹkan tó máa gba agbára yẹn ara magnetron ló máa padà sí.

Aáyán sì fẹ́ràn ibẹ̀ jù, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, oúnjẹ wà. Wọ́n máa ń wọ ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà, ẹ máa rí ọmọ wọn tí ń rìn lẹ́yìn gíláàsì aago. Ọmọńlé burú jù wọ́n lọ, ó máa ń gba ihò ẹ̀yìn wọlé, tó bá tẹ pátákó iná òun àti ẹ̀rọ ló jọ ń kú. Ẹ má fín ògùn aáyán sínú ibi tí oúnjẹ ń wọ̀ o! Ẹ jẹ́ kí ìdí ẹ̀ mọ́, ẹ fi ògùn aáyán oníjẹ sí ẹ̀yìn ibi tó jókòó sí.

* * *

"Ẹ ṣé gan-an, mo ti wò ó. Páálí yẹn ti dúdú ó sì ti lu. A ra tuntun, ọkọ mi gé e, kò ṣáná mọ́, òórùn yẹn ti lọ. Àmọ́ báyìí àwo ẹ̀ ò yí mọ́. Ọkọ mi ní òun máa ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, pé òun ti yọ ọ́ lára iná, kò sí ewu. Màmá ṣì ń wò mí."

Inú mi dùn pé ẹ ò san owó magnetron. Ẹ gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ yín báyìí báyìí. Nínú ẹ̀yìn ibẹ̀, kapásítọ̀ kan wà, ó rí bíi agolo pẹlẹbẹ, iná tó ju 2,000 fólítì ló ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ó sì lè fi í pamọ́ sínú lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ó ti pa àwọn tí iṣẹ́ wọn ni. Yíyọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ò tó, àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná inú ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkankan.

Bóyá kò tiẹ̀ sí ohun tó bàjẹ́. Nígbà tí ẹ̀ ń fi páálí sí i ẹ yọ àwo, àbí? Ẹ tún un gbé sílẹ̀. Nǹkan ike kékeré kan wà láàárín ìsàlẹ̀, oníka mẹ́ta, ìdí àwo náà ní ibi tó gbọ́dọ̀ há sí lára ẹ̀. Tí àwo bá kàn jókòó lórí òrùka oníkẹ̀kẹ́ láìhá, kò ní yí. Ẹ fi ọwọ́ yí àwo díẹ̀díẹ̀ títí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ti bọ́ sí i. Tí ike yẹn bá ti gbó tàbí tó ti là, ẹ mú un lọ sí ibi tí ẹ ti ra páálí, wọ́n ní in. Tí ó bá wá jẹ́ mọ́tò ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló kú, ìyẹn iṣẹ́ ọ̀gá, kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, ẹ pe ẹlòmíràn tó máa wá fojú rí i, kì í ṣe ti orí fóònù.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ ṣì lè lò ó: ẹ dá a dúró láàárín, ẹ fọwọ́ yí àwo, ẹ ro oúnjẹ pọ̀, ẹ tún tan án. Tí màmá bá wà nílé, ẹ gbé tiwọn kaná lórí gáàsì, kí àlàáfíà wà.